Kàmọ́rù Tó Ń Da Omi Rú fún Bàálù

Àbúrò mi Kàmọ́rù kò lè rí àgbàlagbà kó má dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹ má tíì yìn ín. Àwa tí a jọ dàgbà nínú ilé kan náà ní Ìlobù la mọ ohun tí ojú wa rí. Bí a bá rán an lọ ra iyọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ọbẹ̀ á ti jiná láìní iyọ̀ kó tó dé, nítorí ó ti pàdé ìyá arúgbó kan lọ́nà, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti béèrè àlàáfíà ìyá náà, àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, títí kan ewúrẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bọ́ọ̀sì Òṣogbo ti fi í sílẹ̀ lọ láìmọye ìgbà. Á ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀, bàbá kan á yọ lẹ́yìn, Kàmọ́rù á tún sọ̀kalẹ̀ kó lè rí ilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó dọ̀bálẹ̀ fún ère rọ́bà tí télọ̀ kan wọ agbádá sí lọ́rùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ nílẹ̀, ó ń dúró kí bàbá náà ní kó dìde. Télọ̀ ló jáde wá sọ fún un pé ẹni yẹn kò ní dáhùn. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé aṣọ ni òun ń bọ̀wọ̀ fún.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí omi. Ó ní ọkọ̀ onígi kan tó fi ẹ́ńjìnnì sí nídìí, òun ló fi ń kó àwọn àgbẹ̀ kọjá omi dáàmù tí wọ́n fi sé odò Ẹ̀rìnlẹ̀, ó sì fi ń pẹja. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, lórí omi, ọkùnrin ni. Ó mọ ibi tí kùkùté wà lábẹ́ omi, ó mọ ibi tí koríko ti ń di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bí èrò bá sì ń ṣe jàgídíjàgan nínú ọkọ̀, ohùn kan ló máa fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn àgbàlagbà wà létí omi.

Wúràọlá ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìfọ́n, èmi ni mò ń dirun fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ ló sì ti rí Kàmọ́rù nígbà tó gbé ẹja wá fún mi. Ohun tó rí lára rẹ̀, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ọ̀ṣúndáre, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Ìfọ́n náà, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí wọn nílé. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀, á tún dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, á dáhùn ìbéèrè láti ilẹ̀, bí wọ́n bá sì ní kó máa lọ, á tún dọ̀bálẹ̀ kó tó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò bíi mélòó kan, Bàbá pe ọmọ rẹ̀ pé, “Wúràọlá, ẹni tó ń fi àyà gbálẹ̀ ilé mi yẹn, iṣẹ́ wo ló tún ń ṣe?” Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ fún un.

Ẹ wò ó, ọlọ́gbọ́n á ti mọ ohun tí Bàbá ń sọ. Àbúrò mi ní tirẹ̀ rò pé ìdọ̀bálẹ̀ òun ni kò tíì tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ sí i nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Wúràọlá obìnrin tó wà ní Òṣogbo sì ti ń mú ọkùnrin mìíràn bọ̀, oníṣòwò sìmẹ́ńtì tó ní mọ́tò. Wúràọlá sọ fún mi lábẹ́ ọwọ́ mi, níbi tí mo ti ń ya irun rẹ̀, pé òun ò ní kọ̀ fún bàbá òun, pé bí Bàbá ò bá gbà fún Kàmọ́rù kí ọdún Iléyá tó dé, òun á tẹ̀lé onísìmẹ́ńtì lọ. Ó ń sọkún nígbà tó ń sọ ọ́, inú sì bí mi sí Kàmọ́rù débi pé mo fa irun ọmọ ọlọ́mọ jù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni bàálù dé. Ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó ló gbé e wá, láti máa ya àwòrán omi dáàmù látòkè, kí wọ́n lè mọ bí iyanrìn ṣe kún inú rẹ̀ tó. Dípò táyà, bàtà ńlá méjì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n gùn bí ọkọ̀ ojú omi, orí wọn ló ń jókòó lé lórí omi. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bà, wọ́n ti to àga sétí omi fún àwọn èèyàn ńlá. Awakọ̀ rí i pé bàálù ń yọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí búréèkì lórí omi, ó kàn máa dúró nígbà tó bá wu omi ni. Ó ń juwọ́ láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n sá. Àwọn èèyàn wa náà ń juwọ́ padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i káàbọ̀. Ìgbà tí bàtà rẹ̀ gun àga àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn tó rántí pé àwọn mọ eré sá. Mo rí bàbá olóyè kan tó fò kọjá àgbá omi.

Malikah ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń wà á. Ọmọdé ni lójú mi, ó fi ìborùn wé orí dáadáa, kì í pariwo. Ó ń wá ẹni tó mọ omi náà, wọ́n sì mú Kàmọ́rù wá. Kàmọ́rù dọ̀bálẹ̀ fún un. Malikah rò pé ó dákú ni, ó ń pe àwọn èèyàn kí wọ́n gbé omi wá.

Nígbà tí wọ́n yanjú ìyẹn tán, ó ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Ó ní omi tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ ló ń fún bàálù yìí ní wàhálà. Bí ó bá fẹ́ gbéra, omi tó tẹ́jú máa ń di bàtà rẹ̀ mú, bí àwo tútù ṣe ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà orí tábìlì. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, bàtà ò ní tú. Àfi kí omi rú díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá sì ń bọ̀ wálẹ̀, omi tó tẹ́jú á máa tan ojú jẹ: sánmọ̀ á wà lókè, sánmọ̀ á tún wà nísàlẹ̀, awakọ̀ ò ní mọ ibi tí omi gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè rò pé òun ṣì ga tó ilé alájà, kó jẹ́ pé òun ti fi imú gún omi. Nítorí náà, kí Kàmọ́rù máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sáré lọ sáré bọ̀ níwájú bàálù, kó da omi rú, kó ṣa igi kúrò lọ́nà, kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bàálù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí Ọlọ́run pèsè fún ọmọ bàbá mi. Wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa da omi rú, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ará ìlú má baà máa sọ pé bàálù ló ń lé ẹja lọ, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àgbàlagbà fò ní ọjọ́ Sátidé. Ti Ìlobù lọ, ti Ẹ̀rìn lọ. Kò sí ìyọnu, torí Kàmọ́rù ti máa ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo wọn tán létí omi kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tó kan Ìfọ́n, Bàbá Ọ̀ṣúndáre wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Wúràọlá sáré wá bá mi.

“Àǹtí Rísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ lé e,” ó ní. “Bó bá tún bà á jẹ́ lónìí, ó ti tán.”

Bẹ́ẹ̀ ni èmi Rísíkátù, onídìrí, tí n kò mọ odò wẹ̀, ṣe wọ ẹ̀wù fóòmù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo jókòó sí iwájú ọkọ̀ igi láàárín àwọ̀n tó ń rùn.

Bàbá pẹ́ kí wọ́n tó dé. Kàmọ́rù ti wà láàárín omi, ó ń ṣa koríko, nígbà tí wọ́n gbé wọn wọ bàálù. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, torí kò tíì kí wọn. Malikah tan ẹ́ńjìnnì, fáànù imú bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwa náà ṣáájú, à ń ya sọ́tùn-ún, à ń ya sósì, omi ń rú. Bàálù ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kàmọ́rù bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú Bàbá ní fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá nìyẹn. Mi ò tíì kí wọn.”

“Kàmọ́rù, má dán an wò.”

N kò tíì pa ẹnu dé tó ti wà nílẹ̀ ọkọ̀, ó dojú bolẹ̀ láàárín ẹja, ó ń sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí, sà?” Ta ló wá di ẹ́ńjìnnì mú? Kò sí. Ọkọ̀ wa yí ara rẹ̀ po, ó kọjú sí ọ̀nà bàálù. Ohun tí Malikah rí ni ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ké pe Ọlọ́run níwájú rẹ̀. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, bàálù wó padà jókòó sórí omi, ó yọ̀ kọjá wa, omi tó ta síni lára tó láti wẹ̀.

Malikah ṣí fèrèsé. “Bọ̀dá Kàmọ́rù, kí ló ṣe yín?”

“Kò sí nǹkan, Ọ̀gá. Bàbá ni mò ń kí.”

“Ẹ gbọ́,” ó ní, “bí ẹ bá tún kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ máa pa èèyàn. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí tí n ó fi so bàálù yìí mọ́lẹ̀. Ẹni yòówù tó bá jẹ́.”

Bàbá Ọ̀ṣúndáre jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iwájú ni wọ́n ń wò. Lójú tèmi, ìgbéyàwó ti parí síbẹ̀, onísìmẹ́ńtì lè máa bọ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Kàmọ́rù dúró gbọn-in, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ pọ́n. A rú omi náà dáadáa. Nígbà tí bàálù dé ẹ̀gbẹ́ wa, kí ni mo rí? Bàbá fúnra wọn gbé ọwọ́ sókè sí i. Bóyá ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, tí wọ́n ń wá ojú tí wọ́n mọ̀, n kò lè sọ. Àgbàlagbà kọ́kọ́ kí ọmọdé. Kàmọ́rù rí i, ó gbójú kúrò, ó ń wo omi. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, èmi tí mo ti ń bú u láti àárọ̀. Bàálù rì díẹ̀, ó gorí omi, ó ń gbọ̀n, bàtà kan tú, èkejì tú, ó gbéra.

“Wọ́n juwọ́ sí mi, mi ò dáhùn,” ó ń sọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bàjẹ́.”

“Ó ti bàjẹ́ tipẹ́,” mo dá a lóhùn. “Máa wo omi.”

Kí wọ́n tó padà, afẹ́fẹ́ ti kú. Omi dáàmù tẹ́jú débi pé mo ń rí imú ara mi nínú rẹ̀. Kàmọ́rù tún fún ẹ́ńjìnnì níná, à ń da omi rú lọ láti ẹ̀bá koríko títí dé àárín, bàálù sì ti yọ lókè igbó, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìtì igi kan yọ orí. Bóyá ìrú omi tiwa gan-an ló já a gbà láti ìsàlẹ̀. Ó dúdú, ó nà gbọọrọ, ibi tí bàtà bàálù fẹ́ tẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wà.

Ọwọ́ ọ̀tún Kàmọ́rù wà lórí ẹ́ńjìnnì, kò lè fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló na ọwọ́ òsì sókè sí bàálù, ó ń jù ú bí ẹni tó ń lé adìyẹ: ẹ padà, ẹ padà. Ọwọ́ òsì, sí àgbàlagbà, sí bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́. Malikah rí i. Bàálù bú, ó gba orí wa kọjá, ó sún mọ́ wa débi pé èmi ni mo wá dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kàmọ́rù ta okùn mọ́ ìtì igi, ó wọ́ ọ dé inú koríko, ó tún padà wá rú omi. Bàálù yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó bà. Bàtà rẹ̀ fọwọ́ kan omi, ó ta, ó tún fọwọ́ kàn án, ó jókòó. Gbogbo wa mí. Ó ń yọ̀ lọ sétí omi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fáànù rẹ̀ ṣì ń yí níwájú, torí kò tíì dúró.

Ẹ̀yin èrò bọ́ọ̀sì Òṣogbo, ẹ mọ bí a ṣe máa ń bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Bàbá Ọ̀ṣúndáre rí ilẹ̀, wọ́n rí àwọn ará wọn, wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí bàtà bàálù. Malikah di agbádá wọn mú lẹ́yìn, ó ń pariwo, wọn ò gbọ́. Wọ́n kọjú síwájú, níbi tí fáànù náà wà. Yíyí tó ń yí, èèyàn ò lè rí i mọ́, àfi bí ìkùukùu. Ẹsẹ̀ kejì ló kù.

Kàmọ́rù gbé ọkọ̀ wa sún mọ́ wọn, ó na ìka òsì sí ojú wọn gbàgà.

“Jókòó!” Ohùn tó fi ń pa àwọn èrò oníjàgídíjàgan lẹ́nu mọ́ ni. “Mo ní jókòó síbẹ̀! Kó ẹsẹ̀ ẹ wọlé!”

Kò sí “ẹ jọ̀ọ́”, kò sí “sà”. Bàbá Ọ̀ṣúndáre, ẹni tí gbogbo àdúgbò wọn ń bẹ̀rù, jókòó bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò mira títí fáànù fi dúró tí Malikah sì fi okùn so bàálù mọ́ òpó.

Létí omi, Wúràọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ibo ni ọlọ́kọ̀ omi náà wà. Kàmọ́rù ti fò jáde, ó ti wà nílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀wù fóòmù tó wọ̀ kò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀ délẹ̀, ńṣe ló ń ta á sókè, ó sì ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà.

“Ìwọ lo ní kí n jókòó,” Bàbá ní.

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

“Ọwọ́ òsì lo fi lé mi padà sókè.”

“Ẹ má bínú, sà. Ọ̀tún wà nídìí ẹ́ńjìnnì.”

“Mo juwọ́ sí ọ, o gbójú kúrò.”

Kàmọ́rù fi ojú sínú ẹrọ̀fọ̀.

“Dìde,” Bàbá ní. Kò dìde. “Mo ní kó o dìde. Gbogbo ìgbà tí o ti ń wá sílé mi, àtàrí rẹ nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá pàdé rẹ lọ́jà, n kò lè dá ọ mọ̀. Dìde, kí n wo ọkùnrin tó pariwo mọ́ mi.”

Kàmọ́rù dìde. Ẹrọ̀fọ̀ ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n fi etí agbádá wọn nu iwájú orí rẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀ pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo iṣu tó fẹ́ rà.

“Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìlobù?” wọ́n bi í.

Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin nílé nìkan ló ń béèrè ìbéèrè yẹn bẹ́ẹ̀. Wúràọlá di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé ó dùn mí. Mo rí orúnkún Kàmọ́rù tó ti ń tẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Bàbá gbá a ní èjìká mú, wọn ò jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ó dúró, ó wo àgbàlagbà lójú, ó sì dárúkọ bàbá wa.